Ta Ló Ń Wẹ Àlàájà?

Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí nípa òtútù. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá yín lóhùn, kí ọ̀rọ̀ òtútù kúrò nílẹ̀. Òtútù wà. Ó mú mi wọ egungun. Ṣùgbọ́n bó pẹ́ bó yá, òtútù a máa mọ́ èèyàn lára. Ohun tí kò mọ́ mi lára títí mo fi kúrò níbẹ̀ ni bí ìlú náà ṣe dákẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, Sísítà Ṣadé ni ẹ ń pè mí. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọmọ Iléṣà ni bàbá àti ìyá mi, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ Ojú Ẹlẹ́gbà ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo dàgbà sí. N kò tíì gbé ibi tí kò ní ariwo rí láyé mi. Iṣẹ́ tí èmi àti ọ̀gá mi, tó jẹ́ dókítà, ń ṣe nígbà náà kò ní orúkọ kan pàtó. Nígbà tí ilé ìwòsàn bá ti sọ fún àwọn ará ilé aláìsàn pé, "Ẹ máa gbé wọn lọ sílé, ibi tí agbára wa mọ nìyí," àwa a máa tẹ̀lé aláìsàn náà délé. A ó wẹ egbò rẹ̀, a ó fún un ní oògùn ìrora, a ó jókòó díẹ̀. Aláìsàn jẹjẹrẹ ló pọ̀ jù nínú wọn. A mọ̀ pé wọn kò ní gbádùn mọ́. Ohun tí a ń wá ni pé kí ara tù wọ́n títí ọjọ́ yóò fi pé.

Ibi iṣẹ́ yìí ni lẹ́tà ti bá wa láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn onímọ̀ kan níbẹ̀, àti àwọn kan ní ilẹ̀ Íńdíà, fẹ́ kí a jọ ṣe ìwádìí. Kì í ṣe aláìsàn gan-an ni wọ́n fẹ́ wádìí nípa rẹ̀, bí kò ṣe ará ilé tó ń tọ́jú rẹ̀: báwo ni ara òun náà, kí ló ń rẹ̀ ẹ́, kí ni a lè ṣe fún un? Wọ́n fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Mo gbé e káàkiri Mùṣín, Sùúrùlérè àti Yábàá fún ọ̀pọ̀ oṣù, mo wọ ilé dé ilé, mo kọ gbogbo rẹ̀ kún. Nígbà tí wọ́n wá ní kí ẹnì kan wá láti ọ̀dọ̀ wa, kí gbogbo wa lè jókòó papọ̀ wo ohun tí a rí, ọ̀gá mi ní, "Ṣadé, ìwọ lo wọ ilé wọn. Ìwọ ni kó o lọ."

Ìlú tó dákẹ́

Ìlú kékeré kan létí òkun, ní ìhà àríwá ilẹ̀ wọn, ni mo lọ. Ọ̀sán ni mo dé, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ṣú bí ìgbà tí òjò fẹ́ rọ̀. Òjò náà kò rọ̀, kò sì lọ.

Dókítà Helen, tó jẹ́ olórí iṣẹ́ ìwádìí náà, ló wá pàdé mi. Obìnrin gíga ni, irun orí rẹ̀ ti funfun, ó sì máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀ lẹ́yìn. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Helen ni orúkọ mi."

Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé o, mà."

Ó wẹ̀yìn wò, bóyá ẹlòmíràn ni mo ń kí.

Ẹ̀yin náà, ẹ bá mi wò ó. Obìnrin tó tó bí mi lọ́mọ, kí n wá la ẹnu pe orúkọ rẹ̀ gbàǹgbà? Ahọ́n mi kọ̀ ọ́. Fún ọjọ́ mẹ́ta, n kò pè é ní ohunkóhun. Bí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, màá wúkọ́. Nígbà tó rí i pé ikọ́ náà pọ̀ jù, ó bi mí bóyá kí òun wá oògùn fún mi. Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí pè é ní "Dókítà", ọkàn àwa méjèèjì sì balẹ̀.

Ilé rẹ̀ ni ó fi mí wọ̀ sí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró lójú fèrèsé, mò ń retí kí ẹnì kan polówó nǹkan, kí wọ́n pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí, kí ẹnì kan tilẹ̀ bá ọmọ rẹ̀ wí. Kò sí. Ẹyẹ òkun nìkan ló ń ké. Ọkàn mi sọ fún mi pé bóyá ohun búburú kan ti ṣẹlẹ̀, tí gbogbo ìlú ti sá, tí wọ́n gbàgbé láti jí mi. Mo wọ bàtà, mo jáde. Mo rí ọkùnrin kan tó ń bọ̀, mo kí i pé ẹ káàárọ̀. Ó ta gìrì, ó sáré wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó kọjá lọ. Mo kí obìnrin kan, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n kò dúró. Ní ọjọ́ kẹrin ni ìyá arúgbó kan tó ń fa ajá lọ dá mi lóhùn. Ó ní ojú ọjọ́ máa dára tó bá di ọ̀sán. Inú mi dùn débi pé mo kí ajá náà pẹ̀lú.

Ẹ má ṣe rò pé èèyàn burúkú ni wọ́n o. Bí mo bá ṣìnà, ẹni tí mo bá bi á sin mi dé ẹnu ọ̀nà ibi tí mò ń lọ, á sì yí padà lẹ́yìn tí ó bá ti rí i pé mo wọlé. Ìwà wọn wà, ó kàn jẹ́ pé ó wà nínú yàrá. Ó dọjọ́ tí o bá kan ilẹ̀kùn kí ó tó jáde síta.

Ata àti máńgòrò

Ẹnì kẹta tó wà nínú ilé náà ni ọmọ ilẹ̀ Íńdíà kan, Thomas lórúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Mùṣín gan-an ni òun náà ń ṣe nílùú tirẹ̀. Mo bi í pé òyìnbó wo ló sọ ọ́ ní Thomas. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá bàbá òun ń jẹ́ Thomas, bàbá tó bí ìyẹn náà ń jẹ́ Thomas, àwọn Kìrìsìtẹ́nì ilẹ̀ àwọn sì ti ń jẹ́ ẹ kí òyìnbó tó dé ibẹ̀ rárá. Mo ní kó má bínú. Ojú kì í ríbi kó má mọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ojú mi kò tíì ríbẹ̀.

Oúnjẹ wọn kò burú, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀. Ẹja funfun, pòtétò bíbọ̀, ewébẹ̀ tí wọ́n fi omi lásán sè. Ó wọnú ọ̀fun, ó lọ jẹ́ẹ́, kò kí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Mo ti gbé ata gígún lọ láti ilé nínú agolo mílíìkì, mo fi í pamọ́ sínú yàrá nítorí ìtìjú. Ní alẹ́ ọjọ́ karùn-ún, ara mi kò gbà á mọ́. Mo gbé agolo náà wá sórí tábìlì. Bí mo ṣe ṣí i ni Thomas gbé imú sókè.

"Kí nìyẹn?"

"Ata ni."

Ó dìde lọ sínú yàrá tirẹ̀, ó sì gbé ìgò kan bọ̀, máńgòrò dúdú tí ìyá rẹ̀ fi iyọ̀, ata àti òróró tọ́jú sínú rẹ̀. Òun náà ti ń tijú láti ọjọ́ tó ti dé! A pín in. Ó gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun, èmi náà gbé tèmi sílẹ̀. Dókítà Helen wò wá títí, ó sì fi orí ṣíbí bu ata díẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, omi jáde lójú àti nímú, ó mu ife omi méjì. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ tún bu díẹ̀ fún mi."

Láti ọjọ́ náà la ti di ará ilé ara wa.

Ohun tí mo fi yangàn

Ìpàdé àkọ́kọ́ dùn fún mi. Àwọn onímọ̀ jókòó yí tábìlì gbọ̀ọ̀rọ̀ kan ká, wọ́n ń sọ wàhálà tiwọn. Wọ́n ní lọ́dọ̀ àwọn, ẹnì kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà lẹ́yìn aláìsàn, ọkọ tàbí aya tí òun náà ti darúgbó. Àwọn ọmọ wà lọ́nà jíjìn. Aládùúgbò kì í wọlé.

Nígbà tó kàn mí, mo dìde. Mo ní, "Nílé wa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í dá tọ́jú aláìsàn. Bí ìyá bá dùbúlẹ̀, gbogbo ẹbí ló dé yẹn. Èyí á gbé èso wá, èyí á gbé omi àdúrà, èyí á wá kí wọn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, èyí lẹ́yìn Jímọ̀. Ọwọ́ pọ̀ níbẹ̀."

Mo fi fọ́ọ̀mù mi hàn wọ́n. Wọ́n bèèrè níbẹ̀ pé, "Ta ni olùtọ́jú aláìsàn yìí?" Mo ti kọ orúkọ àkọ́bí ọkùnrin sí i, ilé dé ilé, tàbí baálé, tàbí àbúrò bàbá. Wọ́n sì ti sọ pé àárẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mú àwọn. Gbogbo àwọn tó wà nípàdé ń kọ ọ́ sílẹ̀. Dókítà Helen ní ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún ilẹ̀ àwọn. Kí n má parọ́ fún yín, orí mi wú. Mo rí i pé èmi ọmọ Ojú Ẹlẹ́gbà ni mò ń kọ́ òyìnbó lẹ́kọ̀ọ́.

Ilé Walter

Ọjọ́ kejì ìpàdé yẹn ni Dókítà mú mi lọ kí ọ̀kan lára àwọn olùtọ́jú tí ìwádìí náà kàn. Walter lórúkọ rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ti bá wọn tún ọkọ̀ ojú omi ṣe rí, ọwọ́ rẹ̀ sì nípọn bí pákó. Edna ìyàwó rẹ̀ ló dùbúlẹ̀, jẹjẹrẹ ti wọnú egungun rẹ̀. Inú yàrá ìsàlẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ibùsùn rẹ̀ sí, níbi tó ti lè máa wo òpópónà.

Walter po tíì fún wa. Ó lẹ ìwé mọ́ ara ògiri, ó kọ àkókò oògùn síbẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà. Mo ní kí n bá a gbé ife, ó kọ̀. Mo ní kí n bá a yí Edna sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó tún kọ̀. Mo bi í nípa ọmọ. Ó ní ọ̀kan ni, obìnrin, Ọsirélíà ló ń gbé. Nínú mi lọ́hùn-ún mo ní, "Ó mà ṣe o!" Láti tù ú nínú, mo bẹ̀rẹ̀ sí sọ ohun tí mo sọ nípàdé fún un: ẹbí wa, àwọn tó ń wá kí aláìsàn, ọwọ́ tó pọ̀.

Ó ń ká aṣọ ibùsùn nígbà tí mò ń sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀, kò sì bínú. Ó wá bi mí pé, "Nínú gbogbo èrò yẹn, ta ló ń wẹ̀ ẹ́?"

Mo la ẹnu kí n dáhùn. Ilé Àlàájà kan ní Mùṣín ló wá sọ́kàn mi.

Àlàájà yìí, jẹjẹrẹ ọmú ló ń ṣe é. Múfútáù, àkọ́bí rẹ̀, ló dá mi lóhùn nígbà tí mo gbé fọ́ọ̀mù lọ. Ó ní, "Èmi ni olùtọ́jú, Sísítà." Kò parọ́. Òun ló ń ra oògùn, òun ló ń fi mọ́tò gbé ìyá rẹ̀ lọ gbé e bọ̀, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Sùúrùlérè ni Múfútáù ń gbé. Ní gbogbo àkókò tí a fi ń sọ̀rọ̀, obìnrin kékeré kan dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó di gèlè pa orí mọ́, ó gbé abọ́ omi gbígbóná dání, aṣọ ìnura wà léjìká rẹ̀. Ó ń dúró kí a parí ọ̀rọ̀ wa kí omi tó tutù. Ìyàwó àbúrò Múfútáù ni, Sìkírá. Òun ló ń gbé inú ilé náà pẹ̀lú Àlàájà. Mo tilẹ̀ ní kó yà fún mi díẹ̀ kí n ráàyè kọ̀wé.

Mo wo Walter. Mo ní, "N kò bèèrè."

Ó mi orí, ó sì ń bá aṣọ kíká lọ.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n wá jókòó ti Edna lọ́jọ́ kejì, kí òun lè jáde. Ó ní òun kò ní ibi tí òun ń lọ. Edna, tí a rò pé ó ti sùn, ní, "Walter, lọ."

Nígbà tí mo padà débẹ̀, ó lọ lóòótọ́. Bí ilẹ̀kùn ṣe pa dé, Edna bi mí pé, "Ṣé ó ti lọ?" Mo ní ó ti lọ. Ó ní, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Jọ̀wọ́, jẹ́ kí n kérora díẹ̀. Bó bá wà nílé, n kì í lè kérora, ó máa ń dà á láàmú."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó kérora títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó mí kanlẹ̀, ó sì sọ fún mi pé ọbẹ̀ tí Walter ń sè kò dùn, ṣùgbọ́n kí n má sọ fún un. A rẹ́rìn-ín. A kò tíì rẹ́rìn-ín tán tí Walter fi wọlé padà. Ó dúró ní ìloro, kò tíì bọ́ kóòtù.

Mo ní, "Ẹ mà tètè dé."

Ó ní, "Mo dúró ní bọ́sítọ́ọ̀pù. Bọ́ọ̀sì dé. Dírẹ́bà bi mí pé níbo ni mò ń lọ." Ó gbé ojú rẹ̀ kúrò lára wa. "Mi ò rántí ibi tí èèyàn máa ń lọ."

Mo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, mo lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Ní ọjọ́ kẹta yẹn, ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú kí ó tó dé. Bàtà rẹ̀ tutù rin, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n, ó di ẹja kan sínú ìwé ìròyìn. Ó ní òun rìn létí òkun títí dé ibi tí àwọn ti ń tún ọkọ̀ ṣe láyé ìgbà kan. Edna wo ojú rẹ̀ títí. Ó ní, "O ti padà dé," bí ẹni pé ìrìn-àjò ọdún púpọ̀ ni.

Ìpàdé kejì

Ó ku ìpàdé kan kí n tó padà wálé. Níbẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi òǹtẹ̀ lu ohun tí a ti kọ. Orúkọ ìlú wa wà níbẹ̀, àwọn tó ń fún wọn lówó iṣẹ́ ń retí rẹ̀, ọ̀gá mi ní Èkó náà ń retí rẹ̀. Mo ti mọ ohun tí wọ́n máa rò nípa wa bí mo bá la ẹnu: pé ẹ wò wọ́n, wọn kò mọ iṣẹ́ ṣe. Mo gbàdúrà sínú pé kí wọ́n má tilẹ̀ dé ojú ìwé tèmi kí oúnjẹ ọ̀sán tó dé. Wọ́n dé ibẹ̀.

Mo dìde. Mo ní, "Ìwé tí mo mú wá kò tọ̀nà."

Dókítà Helen ní, "Apá ibo nínú rẹ̀?"

"Orúkọ àwọn olùtọ́jú, Dókítà. Olórí ilé ni mo kọ. Ẹni tó ń wẹ aláìsàn, tó ń fọ aṣọ rẹ̀, tó ń bá a jí, n kò bi í ní nǹkan kan. Ẹ bi mí pé ta ni olùtọ́jú, èmi náà bi wọ́n bẹ́ẹ̀. Nílé wa, bí o bá bèèrè irú ìbéèrè yẹn, ẹni tó ni àṣẹ ló máa dá ọ lóhùn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo yẹ kí n ti wò kọjá rẹ̀."

Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Gbogbo ilé tí o lọ?"

"Gbogbo rẹ̀ kọ́, ṣùgbọ́n n kò lè sọ fún yín èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú wọn."

Kò bú mi. Ó sàn kó bú mi ju bó ṣe dìde tó lọ dúró lójú fèrèsé, tó kọ ẹ̀yìn sí wa. Ojú tì mí, ilẹ̀ kò sì là kí n wọlé sínú rẹ̀. Mo ti ń kó ìwé mi jọ nígbà tí mo gbọ́ ohùn Thomas lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ó yẹ kí èmi náà sọ tèmi," ó ní. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Bàbá mi wà lára àwọn tí mo kọ. Orúkọ mi ni mo kọ síbẹ̀ pé èmi ni mo tọ́jú wọn. Ibi iṣẹ́ ni mo wà. Ìyàwó mi ló tọ́jú wọn títí wọ́n fi kú. Títí di àárọ̀ yìí, kò wá sí mi lọ́kàn pé mo parọ́."

Dókítà Helen yíjú padà. Ó wo èmi, ó wo Thomas. Ó fa àga rẹ̀, ó jókòó, ó sì fa bébà funfun kan sún mọ́ ara rẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Báwo ló ṣe yẹ ká bèèrè rẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n pé: ta ló wẹ̀ fún un láàárọ̀ yìí?"

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Thomas ní ká bi wọ́n pé ta ni aláìsàn ń pè bí ìrora bá dé. Ó kọ ìyẹn náà. Nítorí Walter, mo ní ká fi ọ̀kan kún un: bí ẹnì kan bá bá ọ jókòó tì í fún wákàtí mẹ́ta, kí lo máa fi ṣe? Ọkùnrin kan lápá kejì tábìlì ní ìbéèrè yẹn kò jọ ìbéèrè ìwádìí. Dókítà ní òun mọ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n sún iṣẹ́ síwájú. Èmi àti Thomas máa padà sílé lọ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ilé

Ooru Ìkẹjà gbá mi mọ́ra bí ìyá tó bínú tó sì tún ń yọ̀. Ariwo! Ẹnì kan ń já èkejì gbà lórí ẹrù, ẹlòmíràn ń pè mí ní "Àǹtí òyìnbó". Mo dúró díẹ̀, mo jẹ́ kó wọ̀ mí létí dáadáa.

Mo rò pé ọ̀gá mi yóò bínú. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó ní, "Èmi náà wọ ilé Àlàájà yẹn. Mi ò mọ orúkọ ìyàwó náà."

Ó wá sọ fún mi pé Àlàájà ti kú nígbà tí mo wà lọ́hùn-ún.

Mo lọ wá Sìkírá. Wọ́n ní ó ti lọ sinmi díẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Òtò. Mo bá a lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń ṣẹ́ etí búláòsì. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé àga fún mi, ó bu omi wá. Mo kí i kú ìrọ́jú. Ó ní wọ́n sin Àlàájà dáadáa. Àwọn áfáà gbàdúrà fún Bùrọ̀dá Múfú gan-an, wọ́n ní Ọlọ́run á jẹ́ kí ọmọ tọ́jú òun náà.

Mo ní, "Ìwọ ńkọ́?"

"Mo wà ní ẹ̀yìnkùlé, mò ń fọ abọ́." Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń ráhùn. "Bùrọ̀dá gbìyànjú, Sísítà. Ó tọ́ sí wọn."

Mo mú fọ́ọ̀mù tuntun jáde. Ó ní, "Wọ́n ti kú. Kí la tún fẹ́ kọ?"

"Ìwọ ni mo wá bá. Ta ló ń wẹ Àlàájà?"

"Èmi ni."

"Ta ni wọ́n ń pè bí ara bá ń ro wọ́n?"

"Èmi náà ni. Nígbà tó yá, orúkọ mi nìkan ni wọ́n lè pè."

"Ká ní mo wá bá ọ jókòó tì wọ́n fún wákàtí mẹ́ta, kí lò bá fi ṣe?"

Ó wo ilẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. "Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Mi ò ní fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́."

"Mà bá lọ dirun."

Ó tú gèlè rẹ̀. Irun orí rẹ̀ wà ní gígé, kò ju ìka kan lọ. Ó ní, "Onídìrí wà ní ojúlé kẹta sí wa. Mò ń gbọ́ ohùn wọn láti yàrá Àlàájà, wọ́n ń ṣàwàdà. Ṣùgbọ́n irun wákàtí mélòó ni? Bí mo bá jókòó, wọ́n máa pè mí. Lọ́jọ́ kan mo kàn mú sísọ́ọ̀sì, mo gé e kúrò." Ó fọwọ́ pa orí rẹ̀. "Ìyẹn ló yá jù. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó dùn mí."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Ìwé náà ti dé ọwọ́ Dókítà Helen báyìí. Ó kọ̀wé padà pé òun ka ti Sìkírá fún gbogbo ìpàdé, kò sì sẹ́ni tó tún sọ pé ìbéèrè yẹn kò jọ ìbéèrè ìwádìí. Nínú lẹ́tà kan náà ló ti sọ pé Edna ti sinmi, Walter ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé fún yín. Ọ̀gá mi bá àwọn ìyá ìjọ kan àti àwọn ìyá àsálátù kan sọ̀rọ̀ ní Mùṣín. Wọn kò pọ̀, ẹni mélòó kan péré ni. A kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbé aláìsàn yí padà, bí wọ́n ṣe ń fún un lómi, ìgbà tó yẹ kí wọ́n ránṣẹ́ pè wá. Iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n lọ jókòó ti aláìsàn ní ọ̀sán kan láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ lè jáde. Mo rò pé Sìkírá á ní òun ti ṣe tòun. Òun ló kọ́kọ́ wá forúkọ sílẹ̀.

Ilé àkọ́kọ́ tí a mú un lọ wà ní Sùúrùlérè. Tíṣà kan ni, Àǹtí Bọ́sẹ̀, òun nìkan ló ń tọ́jú bàbá rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ti múra tán, ó ti kun pàǹkéèkì, ṣùgbọ́n kò lè kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

"Ògì wà nínú fúláàsìkì," ó ní. "Bí wọ́n bá wúkọ́, ẹ gbé orí wọn sókè. Wọn kì í fẹ́ kí wọ́n pa fèrèsé. Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n fi ibi tí aṣọ wà hàn yín. Bóyá kí n má wulẹ̀ lọ."

Sìkírá mú báàgì Àǹtí Bọ́sẹ̀ kúrò lórí àga, ó fi kọ́ ọ léjìká, ó sì tì í díẹ̀díẹ̀ jáde síta, bí ẹni tó ń ti ọmọ lọ sí ilé ìwé.

Ó ní, "Ẹ máa lọ, Àǹtí. Ẹ má tètè dé o."